Sylvanus Olympio: ẹni tí Togo yàn ní 1958 láìsí orúkọ rẹ̀ nínú ìbò

Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹrin ọdún 1958, àwọn ará Togo tò síwájú àpótí ìbò. Ẹni tí ọ̀pọ̀ nínú wọn fẹ́ kó ṣe olórí ìjọba kò sí lára àwọn tí wọ́n ń dìbò fún, torí pé ilé ẹjọ́ ti gba ẹ̀tọ́ yẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Síbẹ̀, kó tó pé oṣù kan lẹ́yìn ìbò, òun náà ló jókòó sórí àga. Sylvanus Olympio ni orúkọ rẹ̀. A fẹ́ sọ ìtàn ayé rẹ̀ fún yín lónìí, torí pé ọ̀pọ̀ nínú yín máa ń bi wá pé, tí àwọn olùdíje bá pọ̀, báwo lèèyàn ṣe ń mọ èyí tó yẹ kí òun tẹ̀ lé.

Ọjọ́ 6 oṣù kẹsàn-án 1902 ni wọ́n bí i, ní Kpandu. Àwọn Jámánì ló ń ṣàkóso Togo nígbà yẹn. Lónìí, ilẹ̀ Gánà ni Kpandu wà. Ìdílé Àgùdà ni wọ́n. Bàbá bàbá rẹ̀, Francisco Olympio, ti ilẹ̀ Bràsíl wá sí etíkun wa níhìn-ín ní nǹkan bí ọdún 1850. Ẹ̀yin tí ẹ mọ Agoué, Ouidah, Àjàṣẹ́ àti Èkó, ẹ mọ irú ìdílé bẹ́ẹ̀ dáadáa: orúkọ Potogí, òwò, ìjọ Kátólíìkì, ìwé kíkà. Epiphanio ni orúkọ bàbá rẹ̀. Octaviano, tó jẹ́ ọmọ ìyá tàbí ọmọ bàbá kan náà pẹ̀lú Epiphanio, wà lára àwọn olówó tí gbogbo Lomé mọ̀.

Ọmọ náà kọ́kọ́ lọ sí ilé ìwé Kátólíìkì àwọn Jámánì ní Lomé. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kìíní, àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn Faransé pín Togo láàárín ara wọn. Olympio kọjá sí Lọ́ńdọ̀nù, ó kẹ́kọ̀ọ́ nípa ètò ọrọ̀ ajé ní London School of Economics, ó sì parí ní 1926. Lẹ́yìn náà, ó wọ iṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn oníṣòwò ńlá tí wọ́n wá di UAC. Ó ṣiṣẹ́ fún wọn ní Nàìjíríà àti ní Gold Coast kó tó padà sí Lomé. Kó tó di ìparí àwọn ọdún 1930, òun ni ọ̀gá gbogbo iṣẹ́ UAC ní Togo. Adúláwọ̀ tó wà nírú ipò bẹ́ẹ̀ kò wọ́pọ̀ nígbà yẹn rárá.

Kì í ṣe òṣèlú ló kọ́kọ́ jẹ́ káwọn èèyàn mọ̀ ọ́n. Òwò ni. Ó mọ owó kà, ó mọ ibi tí kòkó àti kọfí ń gbà lọ, ó mọ iye tí àgbẹ̀ ń gbà àti iye tí oníṣòwò ń jẹ lórí rẹ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí pé bó ṣe rí nídìí òwò náà ló ṣe rí nídìí ìjọba.

Nígbà ogun àgbáyé kejì, ìjọba Vichy ló ń ṣàkóso àwọn ilẹ̀ Faransé níhìn-ín. Wọn kò fọkàn tán ẹni tó ń bá ilé iṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ṣiṣẹ́. Ní 1942, wọ́n mú Olympio, wọ́n sì tì í mọ́ Djougou, ní àríwá Dahomey. Ìgbà tó jáde níbẹ̀ ló wá gbájú mọ́ òṣèlú gan-an.

Ẹgbẹ́ òṣèlú tirẹ̀ ni wọ́n ń pè ní CUT, ìyẹn Comité de l'unité togolaise. Ohun tí ẹgbẹ́ náà kọ́kọ́ ń jà fún ni pé kí wọ́n tún àwọn Ewe pa pọ̀, torí ààlà Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ti gba àárín ìdílé wọn kọjá. Àwa Yorùbá tí a wà ní Kétou, Ṣákétẹ́ àti Pobè mọ bí irú ààlà bẹ́ẹ̀ ṣe máa ń rí. Ẹ̀gbọ́n wà lápá ibí, àbúrò wà lápá ọ̀hún, sọ́jà sì dúró láàárín. Ní 1947, Olympio lọ sí ọ̀dọ̀ ONU ní Amẹ́ríkà láti gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀. ONU ló ni àṣẹ láti bojú tó Togo, Faransé kàn ń ṣàkóso rẹ̀ lórúkọ wọn ni. Olympio mọ̀ bẹ́ẹ̀, kò sì yéé lọ síbẹ̀.

Ní 1946, nígbà tó yẹ kí Togo rán aṣòfin kan, ìyẹn dépité, lọ sí Paris, CUT fa Martin Aku kalẹ̀, dókítà ni. Ẹni tó bá a du ipò náà ni Nicolas Grunitzky. Aku ló wọlé. Ní 1951, Grunitzky tún du ipò náà, òun ló sì wọlé lọ́tẹ̀ yìí.

Ẹ jẹ́ ká sọ díẹ̀ nípa Grunitzky, torí pé láìsí òun, ìtàn yìí kò pé. Atakpamé ni wọ́n bí i sí ní 1913. Òyìnbó ni bàbá rẹ̀, ọmọ Togo ni ìyá rẹ̀. Ẹnjiníà ni. Dina, ìyàwó Olympio, ọmọ ilé Grunitzky ni, èyí túmọ̀ sí pé àna ni àwọn méjèèjì jẹ́ síra wọn. Ẹgbẹ́ tirẹ̀ ni PTP. Ó ń fẹ́ kí Togo máa tẹ̀ síwájú díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ apá Faransé. Ní àríwá, àwọn ọba àti ìjòyè ní ẹgbẹ́ tiwọn, UCPN. Ẹ̀rù ń bà wọ́n pé, bí òmìnira bá yá jù, àwọn ará gúúsù tó kàwé máa gba gbogbo ipò lọ.

Ṣé ẹ rí i, kì í ṣe ìjà láàárín ẹni rere àti ẹni burúkú. Ọ̀rọ̀ wà lẹ́nu oníkálukú. Ẹni tó ń gbé Atakpamé lè sọ pé ọmọ ìlú òun ni Grunitzky, òun kò ní fi í sílẹ̀. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba lè máa ro owó oṣù rẹ̀. Àwọn obìnrin ọjà Lomé tó wà lẹ́yìn CUT, àwọn náà mọ ohun tí wọ́n ń wá. Ablodé, ìyẹn òmìnira lédè Ewe, ló wà lẹ́nu wọn.

Àwọn aláṣẹ Faransé kò fẹ́ràn Olympio. Ní 1954, wọ́n gbé e lọ sílé ẹjọ́ lórí òfin owó ilẹ̀ òkèèrè. Wọ́n ní kó san owó ìtanràn, wọ́n sì gba ẹ̀tọ́ òṣèlú lọ́wọ́ rẹ̀ fún ọdún 5. Kò lè du ipò kankan mọ́. Ní oṣù karùn-ún 1956, apá Togo tó wà lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì dìbò láti dara pọ̀ mọ́ Gold Coast, tó di Gánà lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Bí àlá pípa àwọn Ewe pọ̀ ṣe forí ṣánpọ́n nìyẹn. Ní oṣù kẹwàá ọdún kan náà, Faransé ṣe ìbò tirẹ̀ láti sọ Togo di orílẹ̀-èdè tó ń dá ṣe ohun díẹ̀ lábẹ́ òun. Grunitzky ló di olórí ìjọba. Ṣùgbọ́n ONU kò gbà pé èyí tó. Wọ́n ní àfi kí wọ́n tún ìbò dì, kí gbogbo àgbàlagbà, tọkùnrin tobìnrin, lè kópa, kí aṣojú ONU sì wà níbẹ̀ láti máa wò ó. Max Dorsinville, ọmọ Haiti, ni wọ́n rán wá.

Báyìí la ṣe dé ìbò 1958. Ẹ jẹ́ ká ro bó ṣe rí fún àgbẹ̀ kan ní abúlé. Kì í ṣe olórí ìjọba ló máa dìbò yàn ní tààrà. Aṣòfin àdúgbò rẹ̀ ló máa yàn, ìjókòó 46 ló sì wà nílé ìgbìmọ̀. Ẹgbẹ́ tó bá ní ìjókòó tó pọ̀ jù ló máa gbé olórí ìjọba kalẹ̀. Ó lè jẹ́ pé olùdíje PTP ní abúlé yẹn jẹ́ èèyàn dáadáa, ẹni tó máa ń kí i nílé, tó bá a ṣe òkú bàbá rẹ̀. Ó lè jẹ́ pé kò mọ olùdíje CUT rí. Ta ló máa wá dìbò fún? Ọ̀pọ̀ èèyàn wo ẹ̀yìn ẹni tó dúró níwájú wọn, wọ́n rí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ àti ohun tó fẹ́ ṣe. Wọ́n mọ̀ pé orúkọ Olympio kò sí níbẹ̀, wọ́n sì mọ̀ pé òun ni wọ́n ń yàn. CUT àti àwọn tó bá wọn ṣe pọ̀ gba ju ìdajì ìjókòó náà lọ. Wọ́n dá ẹ̀tọ́ Olympio padà fún un, ó sì di olórí ìjọba ní oṣù karùn-ún. Ọdún 2 gééré lẹ́yìn ìbò náà, ní ọjọ́ 27 oṣù kẹrin 1960, Togo gba òmìnira.

Ibi tí àwọn kan máa ń parí ìtàn náà sí nìyí. Àwa kò ní parí rẹ̀ síbẹ̀.

Olympio ṣe ìjọba bí ẹni ń ṣe òwò. Kò fẹ́ gbèsè. Ó ṣọ́ owó ìlú lójú méjèèjì, ó fẹ́ kí Togo máa fi owó tó bá pa gbọ́ bùkátà ara rẹ̀, ó sì ń múra kí Togo ní owó tirẹ̀, yàtọ̀ sí franc CFA. Nkrumah fẹ́ kí Togo wọnú Gánà, Olympio kọ̀. Títí dé ibí, ohun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ dìbò fún un ló ń ṣe.

Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 9 oṣù kẹrin 1961, wọ́n dìbò yan ààrẹ fún ìgbà àkọ́kọ́. Àwọn alátakò fẹ́ díje, àwọn tó ń bójú tó ìbò kò gba ìwé wọn wọlé. Òun nìkan ṣoṣo ló díje. Gbogbo ìjókòó 51 tó wà nílé aṣòfin bọ́ sọ́wọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀. Ní 1962, wọ́n tú àwọn ẹgbẹ́ alátakò ká. Anani Santos, olórí Juvento, ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ tó bá CUT jà fún òmìnira, wọ ẹ̀wọ̀n. Àwọn míì sá kúrò nílùú.

Ẹ wò ó. Ọkùnrin tí wọ́n fi òfin yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ìbò ní 1958, lábẹ́ ìjọba tirẹ̀ ni wọ́n ti wá fi òfin yọ orúkọ àwọn ẹlòmíì ní 1961. Ọ̀nà tí òun fi dé orí àga, ó ti dí i mọ́ àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn.

Nígbà tí ọ̀nà ìbò ti dí, àwọn tínú ń bí wá ọ̀nà míì. Àwọn ọmọ Togo tó ti ṣe sọ́jà fún Faransé padà sílé, ó lé ní 600 wọn. Wọ́n fẹ́ kí Olympio gbà wọ́n sínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun. Ó kọ̀, torí owó ìlú kò gbé e. Ní òru ọjọ́ 13 oṣù kìíní 1963, wọ́n ya wọ ilé rẹ̀ ní Lomé. Ó fo ògiri bọ́ sí ọgbà ilé iṣẹ́ aṣojú Amẹ́ríkà tó wà nítòsí. Ibẹ̀ ni wọ́n ti rí i, wọ́n sì yìnbọn pa á lẹ́nu géètì. Ẹni ọdún 60 ni. Nínú àwọn orílẹ̀-èdè Adúláwọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira, òun ni ààrẹ àkọ́kọ́ tí àwọn ọmọ ogun pa láti gba ìjọba. Agoué, ìlú àwọn Àgùdà ní Dahomey, ni wọ́n sin ín sí.

Àwọn sọ́jà pe Grunitzky padà láti wá ṣe ààrẹ. Ní oṣù karùn-ún 1963, wọ́n dìbò, ìwé orúkọ kan ṣoṣo ni wọ́n tún gbé síwájú àwọn aráàlú. Ní ọjọ́ 13 oṣù kìíní 1967, ọdún 4 sí ọjọ́ tí wọ́n pa àna rẹ̀, Eyadéma gba ìjọba lọ́wọ́ òun náà. Ó kú sí Paris ní 1969.

Ó yá, kí ni ìtàn yìí fẹ́ sọ fún wa? Ọ̀rọ̀ tòní ni. Láti ìgbà tí òfin ìpìlẹ̀ tuntun ti jáde ní Togo ní 2024, àwọn aráàlú kì í dìbò yan olórí orílẹ̀-èdè ní tààrà mọ́, àwọn aṣòfin ló ń ṣe é. Bó ṣe rí ní 1958 náà nìyẹn. Ní Benin, ẹni tó bá fẹ́ du ipò ààrẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wá ìbuwọ́lù àwọn aṣòfin àti àwọn maire, ohun tí wọ́n ń pè ní parrainage. Èyí já sí pé ọjọ́ tí ẹ yan dépité tàbí tí ẹ yan àwọn olùdámọ̀ràn tí maire máa ń ti àárín wọn wá, ẹ ti ń yan ààrẹ lọ́jọ́ náà láìmọ̀. Ẹni tó bá ní òun kò ní í jáde lọ́jọ́ yẹn, òun máa dúró de ìbò ààrẹ, ó lè débẹ̀ kó rí i pé wọ́n ti pín oúnjẹ tán.

Nítorí náà, bí ẹnì kan bá wá tọrọ ìbò lọ́wọ́ yín, ẹ wo ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ bi í pé ta ni ẹgbẹ́ rẹ̀ fẹ́ fi ṣe olórí. Ẹ wo bó ṣe ń ná owó tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí, ìbáà jẹ́ owó egbẹ́ àgbẹ̀ tàbí ti ilé ìwé abúlé. Ẹ má fi ọmọ ìlú ẹni nìkan ṣe ìdí. Lẹ́yìn gbogbo ìyẹn, ẹ fi ìbéèrè kan kún un, èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò rántí bi Olympio ní 1958 torí ayọ̀ òmìnira: bó bá wọlé, ṣé ó máa jẹ́ kí ẹlòmíì bá òun du ipò náà lọ́jọ́ mìíràn? Ẹ má wo ẹnu rẹ̀ nìkan. Ẹ wo bó ṣe ń ṣe sí ẹni tó ń ta kò ó nínú ẹgbẹ́ tirẹ̀ pàápàá. Bí kò bá lè gba àtakò láàárín èèyàn 10 nínú ìpàdé abúlé, kò ní gbà á láàárín gbogbo ìlú.

Igi kan kì í dá igbó ṣe. Olympio mọ òwò, ó ní ìgboyà, ó fẹ́ràn ilẹ̀ rẹ̀, kò sì ṣe owó ìlú báṣubàṣu. Gbogbo ìyẹn tó láti dìbò fún èèyàn. Kò tó láti fi ìlú sílẹ̀ fún un ní òun nìkan.