Ó Pè É ní Orúkọ

ÀṢÀRÒ ÒWÚRỌ̀: Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Ọ̀sẹ̀ Àjíǹde
Ẹ̀kọ́ Ìhìnrere: Jòhánù 20:11-18

 

Màríà Magidalénì ni Ìhìnrere òní sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó dúró lẹ́nu ibojì, ó ń sunkún. Ó yíjú padà, ó rí Jésù, ṣùgbọ́n ó ṣe bí ẹni tó ń tọ́jú ọgbà ni. Ìgbà tí Olúwa dárúkọ rẹ̀ ló tó mọ̀ ọ́n. Bí mo bá ti ka ibí yìí, Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther ló máa ń sọ sí mi lọ́kàn. Ẹ jẹ́ ká fi ìtàn bàbá náà ṣe àṣàrò láàárọ̀ yìí.

Ọ̀ṣoògùn ni wọ́n ti bí Àjàyí. Ẹ mọ̀ pé ọmọ tó bá dojú bolẹ̀ wáyé là ń pè bẹ́ẹ̀, orúkọ àmútọ̀runwá ni. Lọ́dún 1821, ó ṣì kéré nígbà náà, ogun dé bá wọn láàárọ̀, nígbà tí wọ́n ṣì ń se oúnjẹ lọ́wọ́. Bàbá rẹ̀ ní kí wọ́n máa sá, òun padà sójú ìjà, Àjàyí ò sì fojú kàn án mọ́. Wọ́n fokùn so òun, ìyá rẹ̀ Àfàlà, àtàwọn àbúrò rẹ̀ obìnrin, wọ́n dà wọ́n lọ sí Ìsẹ́yìn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti yà á lára ìyá rẹ̀. Ẹṣin ni wọ́n fi pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ̀yin ará, ọmọ ènìyàn, ẹṣin! Wọ́n tà á, wọ́n tún un tà, wọ́n tiẹ̀ fi tábà àti ọtí rà á nígbà kan, títí tó fi dé Èkó. Ìbànújẹ́ náà pọ̀ débi pé ó rò ó lóru pé ikú yá ju kí òun bọ́ sọ́wọ́ àwọn Pọtogí lọ. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà tó dàgbà. Ọlọ́run ò gbà fún un.

Wọ́n kó o sínú ọkọ̀ Pọtogí tó ń jẹ́ Esperança Felix. Ní oṣù kẹrin ọdún 1822, ọkọ̀ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mú ọkọ̀ náà lójú òkun.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dúró díẹ̀ níbí. Olùgbàlà dé, ṣé wọ́n wá ń jó? Rárá o! Nígbà tí wọ́n kó wọn sínú ọkọ̀ ogun, wọ́n rí ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n gbé kọ́, wọ́n ṣe bí ẹran ara ọ̀kan nínú wọn ni. Wọ́n rí ọta àgbá nílẹ̀, wọ́n ní orí àwọn ẹlẹgbẹ́ àwọn ni. Ẹ ò rí i pé ti Màríà náà nìyẹn? Ẹni tó wá gbà á ló dúró síwájú rẹ̀, òun ní kó wá júwe ibi tó gbé òkú sí. Àwọn oníwàásù kan máa ń bá Màríà wí lórí èyí. Èmi ò lè bá a wí. Ẹni tójú rẹ̀ ti rí màbo, bí ire bá tiẹ̀ kan ilẹ̀kùn, á kọ́kọ́ wá ibi sá sí.

Wọ́n gbé Àjàyí dé Sàró. Ó kàwé, ó gba Jésù, wọ́n sì ṣe ìrìbọmi fún un ní ọjọ́ 11 oṣù kejìlá, 1825. Ó lọ sí Fourah Bay lọ́dún 1827. Ó fẹ́ Asano, tí wọ́n gbà sílẹ̀ lóko ẹrú bíi tiẹ̀. Lọ́dún 1843 ó di àlùfáà ní London.

Ní 1846, òun àtàwọn míṣọ́nnárì CMS wọ Abẹ́òkúta. Ó ti tó ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tó ti rí ìyá rẹ̀ gbẹ̀yìn. Àṣé Ìyá Àfàlà wà láàyè, kò sì jìnnà síbẹ̀! Ó gbọ́ pé ọmọ òun dé, ó sì wá ní ọjọ́ 21 oṣù kẹjọ. Nígbà tó rí i, ara rẹ̀ ń gbọ̀n, kò lè gbà á gbọ́. Wọ́n di ara wọn mú, wọ́n ń wo ara wọn, kò sẹ́ni tó lè sọ̀rọ̀. Omijé ń dà lójú ìyá. Ló bá di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú, ó ń pè é ní àwọn orúkọ tí ìyá àgbà tó ti kú sóko ẹrú fi máa ń pè é nílé. Kì í ṣe Crowther, kì í ṣe Àlùfáà. Orúkọ ilé ni. Ẹ̀yin tí ìyá yín ti fi oríkì jí rí, ẹ mọ ohun tí mò ń wí.

Ìyá náà wà lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ìrìbọmi fún ní Abẹ́òkúta, ní oṣù kejì 1848. Hannah ni wọ́n sọ ọ́. Ẹ kúkú mọ ẹni tó bí Sámúẹ́lì nínú Bíbélì.

Jésù ò jẹ́ kí Màríà di òun mú pẹ́, iṣẹ́ ló rán an sáwọn ará. Àjàyí náà ò jókòó ti ìyá rẹ̀. Ó túmọ̀ ìwé Róòmù jáde ní 1850, ó rin odò Ọya, wọ́n fi jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury ní ọjọ́ 29 oṣù kẹfà, 1864, adúláwọ̀ àkọ́kọ́ nínú ìjọ Áńgílíkà. Odindi Bíbélì Yorùbá parí ní 1884. Ẹkún ò tán síbẹ̀ o. Ní 1890, àwọn míṣọ́nnárì òyìnbó kan tó lè bí lọ́mọ dójú tì í ní Oníṣà, wọ́n dá àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ dúró níṣojú rẹ̀. Ó kú ní Èkó lọ́jọ́ tó gbẹ̀yìn ọdún 1891. Òyìnbó ni wọ́n fi sípò rẹ̀.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan ń ka èyí tí ọmọ rẹ̀ ti rìnrìn àjò tí kò gbúròó rẹ̀ mọ́, tàbí tí wọ́n gbé ẹni rẹ̀ lọ. Mi ò ní parọ́ fún yín. Àjàyí rí ìyá, kò rí bàbá. Kí ẹ tó jáde láàárọ̀ yìí, ẹ ka ẹsẹ 16 lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ẹ sì dárúkọ ẹni yẹn síwájú Olúwa, orúkọ tí ẹ fi ń pè é nílé. Bí ẹ bá fẹ́ ká jọ gbàdúrà, ẹ fi ránṣẹ́ sí mi.

Lọ́la, Lúùkù 24:13-35, ọ̀nà Emmausi.