Ìgbésí-Ayé Josephine Bakhita, Ẹrú Tí Ó Dáríjì Àwọn Tí Ó Tà Á

Ọ̀pọ̀ ọmọ ìlú wa tí ó wà nínú Ìjọ Àgùdà ni ó ti gbọ́ orúkọ Josephine Bakhita, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo wọn ni ó mọ̀ pé Bakhita kọ́ ni orúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́. Àwọn gbọ́mọgbọ́mọ ni ó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rù tí ó bà á lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e lọ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi gbàgbé orúkọ ara rẹ̀, kò sì rántí rẹ̀ mọ́ títí ó fi kú. Ìtumọ̀ Bakhita ní èdè Lárúbáwá ni olóríire. Ẹ wo orúkọ tí a fún ọmọ tí a ń mú lọ sí ọjà ẹrú!

Ní Darfur, ní ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Súdáànì, ni a bí i ní nǹkan bí ọdún 1869. Wọ́n ti kọ́kọ́ jí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin gbé kí ó tó kan òun náà ní nǹkan bí ọdún 1877. Àkókò yẹn gan-an ni ogun Kírìjì bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ wa, tí Yorùbá ń kó Yorùbá lẹ́rú. Nítorí náà ìtàn yìí kò jìnnà sí wa, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀dọ̀ ẹni tí a kó nìkan ni a dúró sí nínú rẹ̀.

A tà á, a tún un tà. Ibi tí ó ti jìyà jù ni ilé ọ̀gágun ará Tọ́kì kan. Níbẹ̀ ni a ti fi ìyẹ̀fun ya àwòrán sí i lára, tí a fi abẹ tọ ojú àwòrán náà, tí a sì fi iyọ̀ ra ọgbẹ́ rẹ̀. Àpá 114 ni ó kù sí i lára. Ilà tí àwọn baba wa ń kọ a máa fi ọmọ hàn bí ọmọ. Èyí fi ènìyàn hàn bí ẹrù olówó.

Ní 1883, Callisto Legnani, aṣojú ìjọba Ítálì ní Khartoum, rà á. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni kò ti rí pàṣán mọ́. Ní 1885 ó bá a dé Ítálì, a sì fi í fún ìdílé Michieli nítòsí Venice, níbi tí ó ti di olùtọ́jú ọmọ wọn obìnrin. Nígbà tí ìyá ọmọ náà fẹ́ padà sí Súdáànì lọ bá ọkọ rẹ̀ ní 1888, ó fi àwọn méjèèjì sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn Sísítà ẹgbẹ́ Canossa ní Venice. Níbẹ̀ ni Bakhita ti bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́.

Nígbà tí ọ̀gá rẹ̀ padà wá mú un, Bakhita kọ̀. Ó fẹ́ràn ọmọ náà, obìnrin náà kò sì hùwà ìkà sí i; ìpínyà náà dùn ún dé ọkàn. Síbẹ̀ ó kọ̀. Ọ̀rọ̀ di ti ilé ẹjọ́, àti ní ọjọ́ 29 oṣù November 1889, a dá a ní ẹjọ́ pé òfin Ítálì kò mọ ẹrú, àti pé òmìnira ni ó ní. Ní ọjọ́ 9 oṣù January 1890, ó ṣe ìrìbọmi. Lára orúkọ tí ó gbà lọ́jọ́ náà ni Josephine àti Fortunata. Fortunata pẹ̀lú, olóríire ni ìtumọ̀ rẹ̀. Orúkọ tí àwọn olè fi ṣe yẹ̀yẹ́ rẹ̀ ni omi wẹ̀ mọ́ tí a sì dá padà fún un. Ìjọ Àgùdà ń kọ́ni pé àtúnbí ni ìrìbọmi jẹ́. Bakhita a máa fi ẹnu ko àwo omi ìrìbọmi náà lẹ́nu, nítorí ibẹ̀ ni ó ti di ọmọ Ọlọ́run.

Ó jẹ́ ẹ̀jẹ́ Sísítà ní ọjọ́ 8 oṣù December 1896. Láti 1902 ni ó ti ń gbé ní ìlú Schio, tí ó ń dáná, tí ó ń ránṣọ, tí ó sì ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan bi í pé kí ni yóò ṣe bí ó bá pàdé àwọn tí ó jí i gbé. Ó dáhùn pé òun yóò kúnlẹ̀, òun yóò sì fi ẹnu ko ọwọ́ wọn, nítorí bí kò bá ṣe ti ohun tí ó ṣẹlẹ̀ náà, òun kì bá ti di onígbàgbọ́. Èsì yìí le. Àwọn kan lè wí pé ọ̀rọ̀ ẹrú ni, ẹni tí ìkúnlẹ̀ ti mọ́ lára. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó kọ̀ fún ọ̀gá rẹ̀ títí dé ilé ẹjọ́ ni ó sọ ọ́, lẹ́yìn tí kò sí ẹni tí ó lè fi agbára mú un kúnlẹ̀ mọ́. Kò sì wí pé ohun tí wọ́n ṣe dára.

Bẹ́ẹ̀ ni kò gbàgbé. Nínú àìsàn tí ó pa á, ọkàn rẹ̀ padà sí oko ẹrú, ó sì ń bẹ olùtọ́jú rẹ̀ pé kí ó bá òun dẹ ẹ̀wọ̀n ẹsẹ̀ òun, nítorí ó wúwo. Ní ọjọ́ 8 oṣù February 1947 ni ó kú. Póòpù John Paul Kejì kéde rẹ̀ ní ẹni mímọ́ ní ọjọ́ 1 oṣù October 2000, àti láti 2015 ni Ìjọ Àgùdà ti ń fi ọjọ́ ikú rẹ̀ gbàdúrà fún àwọn tí a ń tà kiri lóde òní.