Mojọlá Àgbébí, Ọkùnrin tí ó Dá Dúró

Bí a bá wò wọ́n láti òkèèrè, ẹni tí ó dá dúró lórí ìpinnu ọkàn rẹ̀ àti ẹni tí ó mọ tara rẹ̀ nìkan a máa jọ ara wọn. Àwọn méjèèjì kì í tẹ̀lé ọ̀pọ̀ ènìyàn. Àwọn méjèèjì ni aráyé ń pè ní olórí kunkun. Ìgbà tí ìjà bá parí ni a tó ń mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì. Ìdí nìyí tí a fi mú ìtàn Olóògbé Mojọlá Àgbébí wá síwájú ẹ̀yin òǹkàwé wa.

Iléṣà ni a gbé bí i ní ọdún 1860. David Brown Vincent ni orúkọ tí ó kọ́kọ́ ń jẹ́. Ọmọdé ni nígbà tí a rán an lọ sí ilé-ìwé ní Èkó. Ó kọ́ iṣẹ́ olùkọ́, ó sì ṣe iṣẹ́ ìwé ìròyìn pẹ̀lú. Nígbà tí ó dàgbà, ó di ọmọ Ìjọ Onítẹ̀bọmi. Ní ayé ìgbà náà, orúkọ Òyìnbó àti kóòtù Òyìnbó ni àmì ọ̀làjú ní Èkó, ọ̀dọ́mọkùnrin yìí sì ní méjèèjì.

Ní 1888, aáwọ̀ bẹ́ sílẹ̀ láàrin àwọn Onítẹ̀bọmi Èkó àti àwọn míṣọ́nnárì láti Amẹ́ríkà. Wọ́n yọ Moses Ladejo Stone, òjíṣẹ́ ọmọ ilẹ̀ wa, kúrò nípò. Ọ̀pọ̀ nínú ìjọ bínú jáde, wọ́n sì dá ìjọ tiwọn sílẹ̀, tí owó àti àṣẹ Òyìnbó kò sí nínú rẹ̀. Vincent wà lára àwọn aṣíwájú. Ẹ jẹ́ kí a dúró níhìn-ín díẹ̀. Kì í ṣe òun ni wọ́n yọ nípò. Nígbà tí ìjọ titun sì ń wá olùṣọ́-àgùntàn, Stone ni a fi joyè náà. Ẹni tí ó mọ tara rẹ̀ nìkan kì í jà kí ẹlòmíràn gun àga.

Ní 1894, ọdún tí a fi í joyè àlùfáà ní ilẹ̀ Làìbéríà, ó bọ́ orúkọ Vincent sílẹ̀, ó di Mojọlá Àgbébí. Ó bọ́ aṣọ Òyìnbó pẹ̀lú. Àwọn mìíràn ní Èkó ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà náà, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wọn ni ó tún padà sídìí kóòtù wọn. Àgbébí kò padà. Agbádá ni ó wọ̀ dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà, agbádá náà ni ó sì wọ̀ ní ilé. Àwa tí a ti gbé òkè òkun rí mọ bí ojú àwọn ará ibẹ̀ ti í wúwo tó lára àlejò. Ọkùnrin yìí fara dà á láìsí ẹlẹgbẹ́. Ó rọrùn láti pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní agbéraga, a kò sì ní sọ pé kò ní ìgbéraga rárá.

Ṣùgbọ́n kí ni ó fi ìdádúró rẹ̀ ṣe? Ó fẹsẹ̀ la ilẹ̀ olómi kọjá ní ìsàlẹ̀ Odò Ọya, níbi tí a kò ti gbọ́ èdè rẹ̀, ó ń gbé ìjọ ró. Ní 1902, ní Ìjọ Áfíríkà ti Bethel ní Èkó, tí kì í ṣe ìjọ tirẹ̀, ó wàásù pé orúkọ àjèjì, aṣọ àjèjì àti ìwé orin àjèjì kì í ṣe ara ìgbàgbọ́. Ọ̀pá ìtilẹ̀ lásán ni wọ́n. Ní 1911, ó lọ sí Ìpàdé Gbogbo Ẹ̀yà Ènìyàn ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì gbé ọ̀rọ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kalẹ̀ níwájú àwọn ọ̀mọ̀wé ayé.

Èyí tí ó yà wá lẹ́nu jù ni ti 1914. Lẹ́yìn ọdún 26 tí wọ́n ti pínyà, àwọn ìjọ tí ó jáde àti àwọn ìjọ míṣọ́nnárì tún para pọ̀ nínú ẹgbẹ́ kan, èyí tí ó di àpapọ̀ Ìjọ Onítẹ̀bọmi Nàìjíríà lẹ́yìn náà. Àgbébí ìbá ti kọ̀. Ó ní ọmọ ẹ̀yìn, ó ní òkìkí, kò sì sí ẹni tí ìbá bá a wí. Ó gbà. Òun ni wọ́n fi ṣe ààrẹ àkọ́kọ́, pẹ̀lú orúkọ àti agbádá rẹ̀, láàrin àwọn tí ó ti fi sílẹ̀ nígbà tí ó wà ní ẹni ọdún 28. Ní 1917 ni ó kú.