Fátúmbí kò kọ́ ọ tán

Wọ́n máa ń bi mí pé, bí ènìyàn bá mọ ohun gbogbo tán, ǹjẹ́ ayé kò ní sú u? Ẹ jẹ́ ká wo Pierre Verger. Paris ni wọ́n bí i sí ní 1902. Fọ́tò ló ń yà káàkiri ayé. Ní 1953, wọ́n tẹ̀ ẹ́ nífá ní Kétu, wọ́n sì sọ ọ́ ní Fátúmbí. Ẹni àádọ́ta ọdún di ọmọ awo, ó ń kọ ewé àti ọfọ̀ sílẹ̀ lẹ́nu àwọn àgbà. Ìwé rẹ̀, Ewé, jáde ní 1995. Ó papòdà ní 1996, lẹ́ni ọdún 93.

Odù 256 ni Ifá ní. Kò sí awo tó gbọ́ ẹsẹ̀ wọn tán. Lójú tèmi, èyí tó kù láti kọ́ ni kò jẹ́ kí ayé sú Fátúmbí. Ẹni tó mọ ohun gbogbo tán, kí ló kù tí yóò bi Ifá?