Ta Ló Ń Béèrè Ọ̀nà Ilé Délé Gíwá?

Bí ẹ bá dárúkọ Délé Gíwá nílé Yorùbá ní Barking tàbí ní Dagenham, àwọn àgbà tó wà níbẹ̀ á kọ́kọ́ mí kanlẹ̀ ná. Bọ́ǹbù tí wọ́n dì sínú àpòòwé ni wọ́n ń rántí. Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa tí wọ́n bí sílùú yìí náà ti gbọ́ ọ rí, pé wọ́n fi lẹ́tà pa akọ̀ròyìn kan ní Nàìjíríà láyé àwọn ológun. Ohun tí wọn kì í sábà sọ fún yín ni bí ọjọ́ díẹ̀ tó ṣáájú bọ́ǹbù náà ṣe rí. Ibẹ̀ la fẹ́ mú yín dé, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí wọ́n bí i sí.

Ọjọ́ 16 oṣù Kẹta ọdún 1947 ni wọ́n bí Sumonu Ọládélé Gíwá ní Ilé-Ifẹ̀. Àwọn òbí rẹ̀ kì í ṣe Yorùbá. Ará Ugbekpe-Ekperi ni wọ́n, ní ìpínlẹ̀ Edo òde òní. Alágbàfọ̀ ni bàbá rẹ̀ láàfin Ọọ̀ni Adésọjí Adérẹ̀mí. Ọmọ alágbàfọ̀ yìí lọ sílé-ìwé Modern ní Lágere, ó sì wọ Oduduwa College lẹ́yìn náà. Orúkọ Yorùbá ló ń jẹ́, àárín Yorùbá ló gbé dàgbà, síbẹ̀ ó ní ìlú bàbá tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹ̀yin tí wọ́n máa ń bi léèrè pé ọmọ ibo gan-an ni yín, ọ̀rọ̀ yìí kò ní ṣàjèjì sí yín.

Amẹ́ríkà ló ti kàwé gboyè. Ó kẹ́kọ̀ọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì ní Brooklyn College, ó jáde ní 1977, ó tún lọ sí Fordham. Ó ṣiṣẹ́ olùrànlọ́wọ́ ní yàrá ìròyìn New York Times, ìyẹn iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ èèyàn ìgbà yẹn ì bá jókòó tì títí wọ́n á fi fẹ̀yìn tì. Àmọ́ nígbà tí Patrick Dele Cole tó jẹ́ ọ̀gá àgbà Daily Times ránṣẹ́ pè é, ó kó ẹrù rẹ̀ padà sí Èkó ní 1979. Nígbà tó di 1980, ó ti di olóòtú Sunday Concord, ìwé ìròyìn tí Mọ́ṣúdì Abíọ́lá dá sílẹ̀. Àwọn tó ń ka ìwé ìròyìn nígbà náà mọ̀ pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa ń ta bí ata. Kì í ṣe gbogbo èèyàn ló fẹ́ràn rẹ̀. Ó mọ̀ pé òun gbajúmọ̀, ó fẹ́ràn aṣọ dáadáa, ó sì máa ń kọ̀wé bí ẹni tí kò sí ọ̀gá kankan lórí rẹ̀.

Ọlọ́pàá tì í mọ́lé ní 1983, ó sì pè wọ́n lẹ́jọ́. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ìjọba ológun Buhari gbé òfin kan jáde tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí Decree 4. Òfin náà ní akọ̀ròyìn tó bá kọ ohun tó lè kó ìtìjú bá òṣìṣẹ́ ìjọba lè lọ sẹ́wọ̀n. Wọ́n dá ẹ̀wọ̀n ọdún kan fún Tunde Thompson àti Nduka Irabor ti ìwé ìròyìn The Guardian nítorí ìròyìn nípa àwọn tí ìjọba fẹ́ rán lọ ṣe aṣojú nílẹ̀ òkèèrè. Ohun tó ká ìjọba lára jù ni pé ẹnìkan nínú ọ́fíìsì wọn ti tú àṣírí jáde, àwọn akọ̀ròyìn méjèèjì kò sì dárúkọ ẹni náà.

Àárín ìgbà yẹn gan-an ni Gíwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mẹ́ta, Ray Ekpu, Dan Agbese àti Yakubu Mohammed, fi iṣẹ́ sílẹ̀ láti dá ìwé ìròyìn ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ tiwọn sílẹ̀. Wọ́n pè é ní Newswatch. Ní oṣù Kìíní ọdún 1985 ni ẹ̀dà àkọ́kọ́ dé ọwọ́ àwọn èèyàn. Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n wádìí ohun tí ìjọba ò sọ, kí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde. Wọ́n ní ọ́fíìsì kan níhìn-ín ní London náà, Káyọ̀dé Ṣóyinká ló wà nídìí rẹ̀. Ẹ fi orúkọ rẹ̀ sọ́kàn, a óò padà sọ́dọ̀ rẹ̀.

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1985, Ibrahim Babangida gbàjọba lọ́wọ́ Buhari. Ó fagi lé Decree 4, àwọn akọ̀ròyìn sì yọ̀. Gíwá pàápàá sún mọ́ ìjọba tuntun náà fúngbà díẹ̀. Ní 1986, Babangida tú ilé-iṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tó wà tẹ́lẹ̀ ká, ó sì pín in sí mẹ́ta. Èyí tó ń ṣọ́ àwọn ará ilé ni wọ́n ń pè ní SSS. Bí òfin ṣe lọ tó, bẹ́ẹ̀ ni etí tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ń pọ̀ sí i.

Ẹ jẹ́ ká wá rọra rìn láti ibí yìí lọ.

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1986, SSS pe Gíwá nítorí ohun tó kọ nípa ètò tuntun tí ìjọba ṣe fún pàṣípààrọ̀ owó ilẹ̀ òkèèrè. Ìyẹn lọ bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹwàá, Kọ́nẹ́ẹ̀lì Halilu Akilu, olórí ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ológun, bi í léèrè lórí fóònù nípa ẹ̀sùn kan tó lágbára: wọ́n ní wọ́n gbọ́ tó ń bá àwọn kan sọ̀rọ̀ nípa kíkó ohun ìjà wọ̀lú. Ọjọ́ kan náà yẹn ni wọ́n kéde pé Wọlé Ṣóyinká gba ẹ̀bùn Nobel, tí inú gbogbo Nàìjíríà ń dùn. (Orúkọ ìdílé òun àti ti Káyọ̀dé kàn jọra ni, ẹ má jẹ́ kó da yín láàmú.) Lọ́jọ́ kejì, Gíwá àti Ekpu lọ sí olú ilé-iṣẹ́ SSS. Kọ́nẹ́ẹ̀lì A. K. Togun ka ẹ̀sùn sí i létí níbẹ̀. Ti ohun ìjà wà níbẹ̀. Ó tún kan ìròyìn tí wọ́n ní Newswatch fẹ́ kọ nípa bí Ebitu Ukiwe ṣe kúrò nípò igbákejì Babangida. Ẹ̀sùn kẹta dá lórí Alozie Ogugbuaja.

Ọ̀gá ọlọ́pàá ni Ogugbuaja. Níwájú ìgbìmọ̀ ìwádìí kan ló ti sọ ní gbangba pé ibi tí àwọn ọ̀gá ológun ti ń jẹ pepper soup tí wọ́n sì ń mutí ni wọ́n ti ń gbìmọ̀ ìfipágbàjọba. Gbogbo ìlú rẹ́rìn-ín, ìjọba ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kó lọ rọ́kún nílé ná. Gíwá wá fẹ́ gbà á síṣẹ́ ní Newswatch. Lójú tiwa, ẹ̀sùn yìí ló tú àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ náà fó jù. Kí ni kan ìjọba nínú ọ̀rọ̀ ẹni tí iléeṣẹ́ ìwé ìròyìn fẹ́ gbà síṣẹ́? Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ẹni tó bá tú àṣírí wọn ò gbọ́dọ̀ rí oúnjẹ jẹ níbòmíràn.

Ti ohun ìjà ni kò jẹ́ kí Gíwá sùn. Ìdí rẹ̀ ni pé ẹni tó bá fi irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀ kàn ọ́ ń sọ fún ọ pé òun ti ń gbọ́ gbogbo ohun tí ò ń sọ. Ì báà jẹ́ òótọ́, ì báà jẹ́ irọ́, ọ̀rọ̀ ti há ọ lẹ́nu nìyẹn. Ó lọ bá Tony Momoh, mínísítà ètò ìròyìn tó jẹ́ akọ̀ròyìn tẹ́lẹ̀, ìyẹn sì ní wọ́n kàn fẹ́ fi já a láyà ni. Ó lọ bá agbẹjọ́rò rẹ̀, Gàní Fawẹ̀hìnmí, ó ní kó bá òun gbé e.

Ní ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ 18, fóònù dún nílé Gíwá, kò sì sí nílé. Gẹ́gẹ́ bí ohun tí àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sọ, ọ́fíìsì ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ológun ló ń pè. Wọ́n ń béèrè ọ̀nà ilé. Akilu fúnra rẹ̀ bá ìyàwó Gíwá sọ̀rọ̀. Ó ní òun ò mọ Ìkẹjà dáadáa, òun sì fẹ́ yà síbẹ̀, àti pé ohun kan ń bọ̀ fún ọkọ rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ òṣìṣẹ́ ààrẹ, bóyá ìwé ìpè. Ìyàwó júwe ọ̀nà.

A mọ̀ pé ní Becontree, níbi tí ilé jọ ilé láti títì dé títì, kò sí ọjọ́ tí ẹni tó ń gbé páálí kiri kì í béèrè nọ́ńbà ilé lọ́wọ́ wa. À ń júwe fún un láìronú. Ẹ fojú inú wo bí obìnrin náà ṣe gbé fóònù yẹn létí.

Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 19, Gíwá pe Akilu láti béèrè ìdí tó fi ń pe ilé òun. Akilu ní ọ̀rọ̀ ti parí, kò sí ìjà mọ́. Gíwá ní kò tíì parí fún òun, agbẹjọ́rò òun ti wà nínú ẹ̀. Nǹkan bí ìṣẹ́jú 40 lẹ́yìn náà, àwọn kan wa ọkọ̀ dé 25 Tàlàbí Street, wọ́n fi àpòòwé ńlá kan lé ọmọ rẹ̀ ọkùnrin lọ́wọ́. Wọ́n ní àmì ìjọba àpapọ̀ wà lára rẹ̀. Ọmọ náà gbé e wọlé fún bàbá rẹ̀ ní yàrá tó jókòó sí pẹ̀lú àlejò kan. Àlejò náà ni Káyọ̀dé Ṣóyinká, ẹni tó ti London dé. Gíwá ṣí àpòòwé náà lórí itan rẹ̀.

Wọ́n gbé e dé First Foundation Hospital ní Ìkẹjà, ibẹ̀ ló kú sí. Ọmọ ọdún 39 ni. Wọ́n gbé e lọ sin sí Ugbekpe-Ekperi. Ṣóyinká bọ́, àmọ́ ìró bọ́ǹbù náà ba etí rẹ̀ jẹ́. Ó padà sí London, níbi tó ti dá ìwé ìròyìn Africa Today sílẹ̀ ní 1995.

Babangida sọ léraléra pé ọwọ́ òun mọ́. Akilu àti Togun náà ní àwọn ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀, kò sì sí ilé-ẹjọ́ tó dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Gàní Fawẹ̀hìnmí kò gbà. Ó fẹ́ gbé àwọn ọ̀gágun méjèèjì lọ sílé-ẹjọ́ fúnra rẹ̀, wọ́n sì ń lé e kiri pé kí ló kàn án. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1987, ilé-ẹjọ́ gíga jù lọ dájọ́ pé ó kàn án, pé ọmọ ìlú èyíkéyìí ló lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ẹni tó pààyàn. Ìdájọ́ yẹn ṣì ń wúlò fún àwọn agbẹjọ́rò títí dòní, ṣùgbọ́n ẹjọ́ Gíwá kò dé ibi tí wọ́n ti ń gbọ́ ẹ̀rí. Kí ìdájọ́ yẹn tó jáde ni ìjọba ti ti Newswatch pa fún oṣù 6, torí pé ó tẹ ìwé ìjọba kan tí kò tíì yẹ kí aráàlú rí. Nígbà tí ìgbìmọ̀ Oputa ń wádìí ìwà ìkà ayé àwọn ológun, Babangida kò wá jẹ́jọ́, ilé-ẹjọ́ ló gbà lọ.

Ẹ má rò pé Nàìjíríà nìkan ni wọ́n ti ń wá ẹni tó tú àṣírí nínú fóònù akọ̀ròyìn. Níhìn-ín, ọlọ́pàá Northern Ireland àti Met tó ń ṣọ́ títì Barking wa yìí ti gba àkọsílẹ̀ fóònù àwọn akọ̀ròyìn lọ́nà tí kò bófin mu. Trevor Birney àti Barry McCaffrey ló pè wọ́n lẹ́jọ́, ìdájọ́ sì jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 2024. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ tóbi: àwọn akọ̀ròyìn méjèèjì yẹn wà láàyè láti gbọ́ ìdájọ́ wọn.

Ní oṣù Kejì ọdún 2024, adájọ́ Inyang Ekwo ti ilé-ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Abuja pàṣẹ pé kí ìjọba wádìí ikú Gíwá àti ti àwọn akọ̀ròyìn mìíràn tí wọ́n pa, kí wọ́n sì gbé àwọn tó pa wọ́n lọ sílé-ẹjọ́. Nígbà tí àṣẹ náà jáde, ọdún 37 àti oṣù díẹ̀ ni ẹnìkan ti béèrè ọ̀nà Tàlàbí Street lórí fóònù.