Jean Purdy, nọ́ọ̀sì tí wọn kò kọ orúkọ rẹ̀ sára wàláà

Ní Oldham, ìlú kan ní apá àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní òru ọjọ́ 25 oṣù keje ọdún 1978, ó ku díẹ̀ kí aago méjìlá lù nígbà tí àwọn dókítà fi iṣẹ́ abẹ gbé ọmọbìnrin kan jáde láti inú ìyá rẹ̀. Ọmọ náà wọn bíi kílò 2,6. Kò sí ohun tó ṣe é, ó sì ké bí gbogbo ọmọ tuntun ṣe ń ké. Àmọ́ àwọn oníwèé ìròyìn ti dó ti ilé ìwòsàn náà fún ọjọ́ púpọ̀, nítorí pé Louise Brown ni ọmọ àkọ́kọ́ láyé tó jẹ́ pé òde ara ìyá rẹ̀, nínú àwo gíláàsì, ni ẹyin ìyá àti àtọ̀ bàbá ti pàdé.

Ẹni tó bá ti gbọ́ ìtàn yìí rí á ti gbọ́ orúkọ ọkùnrin méjì. Ọ̀kan ni Robert Edwards, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ní yunifásítì Cambridge. Èkejì ni Patrick Steptoe, dókítà tó ń tọ́jú àwọn obìnrin ní Oldham. Ẹnì kẹta wà pẹ̀lú wọn. Obìnrin ni, nọ́ọ̀sì ni. Jean Purdy ni orúkọ rẹ̀, ìtàn tirẹ̀ la mú wá lónìí.

Cambridge ni wọ́n bí i sí, ní ọjọ́ 25 oṣù kẹrin ọdún 1945, ìgbà tí ogun àgbáyé kejì ń parí lọ ní Yúróòpù. Ó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin níbẹ̀, ó sì mọ gòjé òyìnbó ta. Lẹ́yìn náà ló kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn Addenbrooke's ní ìlú rẹ̀ kan náà. Nígbà tó parí, ó lọ ṣiṣẹ́ ní Southampton lápá gúúsù, ṣùgbọ́n àárò ilé mú un, ó sì padà sí agbègbè Cambridge. Ní ọdún 1968, nígbà tó jẹ́ ọmọ ọdún 23, ó gbọ́ pé Edwards ń wá ẹni tí yóò máa ràn án lọ́wọ́. Purdy kò kàwé ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ní yunifásítì. Ohun tó ní kò ju ọwọ́ nọ́ọ̀sì, sùúrù àti ojú tí kì í fo nǹkan kékeré dá. Edwards gbà á.

Kí la ń pè ní iṣẹ́ yìí gan-an? Lára obìnrin, ilé ẹyin méjì ló wà, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Lóṣooṣù, ẹyin kan sábà máa ń gbó níbẹ̀, yóò sì já sínú ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó lọ sí ilé ọmọ. Inú ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ náà ni àtọ̀ ọkùnrin ti ń pàdé rẹ̀. Bí ọ̀nà náà bá dí, bóyá nítorí àrùn tí wọn kò tètè tọ́jú, ẹyin ń gbó, àtọ̀ ń wọlé, ṣùgbọ́n wọn kò lè ríra. Obìnrin náà lè jẹ́ ẹni tí ara rẹ̀ le dáadáa, tó ń rí nǹkan oṣù rẹ̀ déédéé, síbẹ̀ kò ní lóyún. Lọ́dọ̀ tiwa, irú obìnrin bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń nàka sí, tí ìyá ọkọ ń fi ojú burúkú wò, bẹ́ẹ̀ ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ara ọkọ gan-an ni àìsàn wà. Àwọn obìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ayé ìgbà náà kò bọ́ lọ́wọ́ irú ìtìjú yìí. Àwọn dókítà kan tilẹ̀ ń sọ pé kò sí ohun tí a lè ṣe fún wọn, kí wọ́n lọ gba ọmọ ọlọ́mọ tọ́.

Èrò Edwards ni pé bí ọ̀nà bá dí, kí a gba ibòmíràn. Kí a yọ ẹyin jáde, kí a dà á pọ̀ mọ́ àtọ̀ nínú àwo, kí a sì gbé e padà sínú ilé ọmọ nígbà tó bá ti di ọlẹ̀. Steptoe ló mọ bí a ṣe ń dé ibi ẹyin láìla ikùn gbòòrò. Ó ní irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ní iná àti awò, ihò kékeré lẹ́bàá ìdodo ló ń kì í bọ̀. Ọ̀pọ̀ dókítà ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń fi ọgbọ́n yìí ṣẹ̀sín.

Ṣùgbọ́n Cambridge ni Edwards wà, Oldham ni Steptoe wà. Ó ju kìlómítà 200 lọ láàárín méjèèjì. Àlọ àti àbọ̀ lè gbà wọ́n ní wákàtí méjìlá nínú ọkọ̀. Ọ̀nà yìí ni Purdy àti Edwards ń rìn fún bí ọdún mẹ́wàá. Ní ilé ìwòsàn kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Kershaw's, ní Royton lẹ́bàá Oldham, Purdy ló ṣètò yàrá iṣẹ́ náà. Òun ló ń pèsè omi tí wọ́n ń fi ẹyin sí, omi tí iyọ̀ rẹ̀ àti ìgbóná rẹ̀ gbọ́dọ̀ dà bíi ti inú ara. Òun ló ń kọ ohun gbogbo sínú ìwé: orúkọ aláìsàn, ọjọ́, wákàtí, ohun tí ẹyin kọ̀ọ̀kan ṣe. Lọ́dọ̀ àwọn obìnrin náà, ó tún padà di nọ́ọ̀sì. Òun ló ń jókòó tì wọ́n, tó ń gbọ́ tẹnu wọn, nígbà tí àwọn ọ̀gá bá ti lọ. Nígbà kan tí ìyá rẹ̀ ṣàìsàn tó sì ní láti dúró tì í, ṣe ni iṣẹ́ Oldham dúró títí ó fi padà. Ẹni tó bá ń ta ọjà mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí: bí ìsọ̀ bá tì nítorí pé ẹnì kan ò wá, a ti mọ ẹni tó ni ìsọ̀ náà.

Owó kò sí. Ní ọdún 1971, àjọ ìjọba tó ń náwó sí ìwádìí ìṣègùn kọ̀ láti ràn wọ́n lọ́wọ́. Ọrẹ láti ọwọ́ olówó kan ní Amẹ́ríkà wà lára ohun tó gbé iṣẹ́ náà ró. Àwọn àlùfáà kan ní wọ́n ń gba iṣẹ́ Ọlọ́run ṣe. Àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ kan ní ọmọ tí wọ́n bá bí yóò jẹ́ abirùn. Purdy fúnra rẹ̀ jẹ́ onígbàgbọ́ tòótọ́, kò sì fi iṣẹ́ náà sílẹ̀.

Láàárín ọdún 1969 sí 1978, obìnrin 282 ló fi ara wọn sílẹ̀ fún iṣẹ́ yìí ní Oldham. Ìgbà 457 ni wọ́n gbìyànjú rẹ̀. Ìgbà 112 péré ni wọ́n rí ọlẹ̀ gbé padà sínú ilé ọmọ. Nínú gbogbo rẹ̀, oyún márùn-ún ló dúró, ọmọ méjì péré ló wà láàyè. Ẹ jẹ́ ká ronú sí àwọn obìnrin tó kù. Ọ̀pọ̀ nínú wọn mọ̀ pé ó lè má ṣẹlẹ̀ sí àwọn, síbẹ̀ wọ́n gba abẹ́rẹ́, wọ́n gba iṣẹ́ abẹ. Orúkọ tiwọn kò sí níbì kankan.

Oyún àkọ́kọ́ tó dúró gbà wọ́n ní ọkàn. Nígbà tó yá ni wọ́n rí i pé kì í ṣe inú ilé ọmọ ló wà, inú ọ̀nà ẹyin ló so mọ́, oyún bẹ́ẹ̀ sì lè pa ìyá. Wọ́n ní láti yọ ọ́. Ọdún 1976 ni wọ́n kọ nípa rẹ̀ sí ìwé ìṣègùn.

Lẹ́yìn èyí ni wọ́n yí ọ̀nà padà. Tẹ́lẹ̀, oògùn ni wọ́n ń fún obìnrin kí ẹyin púpọ̀ lè gbó lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n wá rò ó pé bóyá oògùn náà gan-an ló ń da ilé ọmọ láàmú. Nítorí náà wọ́n pinnu láti dúró de ẹyin kan ṣoṣo tí ara obìnrin fúnra rẹ̀ mú jáde. Ìdúró yìí kì í ṣe kékeré. Ní wákàtí mẹ́ta mẹ́ta, tọ̀sán tòru, wọ́n ń yẹ ìtọ̀ obìnrin náà wò láti mọ ìgbà tí ẹyin fẹ́ já. Bí àmì bá dé, wọn kò ní ju wákàtí díẹ̀ lọ láti mú un, ìbáà jẹ́ ọ̀gànjọ́ òru.

Lesley Brown wá láti Bristol. Ọdún mẹ́sàn-án ni òun àti ọkọ rẹ̀, òṣìṣẹ́ rélùwéè, ti ń wá ọmọ. Ọ̀nà ẹyin rẹ̀ méjèèjì ti dí. Ní ọjọ́ 10 oṣù kọkànlá ọdún 1977, Steptoe yọ ẹyin kan lára rẹ̀, Edwards dà á pọ̀ mọ́ àtọ̀ ọkọ rẹ̀, Purdy sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ọ. Àwọn tó mọ̀ nípa iṣẹ́ náà sọ pé òun ni ojú rẹ̀ kọ́kọ́ rí i pé ohun tó wà nínú àwo náà ti ń pín sí wẹ́wẹ́ bó ṣe yẹ. Ó pín di méjì, di mẹ́rin, di mẹ́jọ. Ní alẹ́ ọjọ́ 12, wọ́n gbé e sínú ìyá rẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 1979, ọmọ kejì, ọkùnrin, dé ní Glasgow. Ọdún 1982 ni ilẹ̀ Faransé bí tirẹ̀, Amandine, ní Clamart.

Ọdún 1978 kan náà ni Steptoe fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, ìjọba kò sì fún wọn ní ibì kankan láti máa bá iṣẹ́ lọ. Purdy ló bá wọn wá ilé: ilé àtijọ́ ńlá kan, Bourn Hall, ní abúlé Bourn lẹ́bàá Cambridge. Wọ́n ṣí i ní ọdún 1980, ilé ìwòsàn àkọ́kọ́ láyé fún irú ìtọ́jú yìí. Purdy ló ń darí yàrá iṣẹ́ níbẹ̀. Orúkọ rẹ̀ wà lórí ìwé ìwádìí 26. Bí ọmọ 370 ni wọ́n ní ó lọ́wọ́ sí ìwáyé wọn. Òun fúnra rẹ̀ kò bímọ.

Àrùn jẹjẹrẹ awọ ara ló mú un. Ó kú ní ọjọ́ 16 oṣù kẹta ọdún 1985, ọmọ ọdún 39 ni. Wọ́n sin ín sí Grantchester, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀ àti ìyá ìyá rẹ̀. Òkúta orí sàréè rẹ̀ kò sọ ohunkóhun nípa iṣẹ́ tó ṣe láyé.

Kí ó tó kú ni ọ̀rọ̀ wàláà ti wáyé. Àwọn aláṣẹ ìlera ní Oldham fẹ́ gbé wàláà kan kọ́ fún ìrántí iṣẹ́ náà. Edwards kọ lẹ́tà sí wọn pé kí wọ́n kọ orúkọ Purdy síbẹ̀, ó sì tẹnu mọ́ ọn pé iṣẹ́ tí ọmọbìnrin náà ṣe kò kéré sí ti òun. Wọn kò kọ ọ́. Orúkọ ọkùnrin méjì ló wà lára wàláà. Steptoe kú ní 1988. Ní ọdún 2010, wọ́n fún Edwards ní ẹ̀bùn Nobel. Wọn kì í fún òkú ní ẹ̀bùn yìí, òun nìkan ló gbà á.

Ọdún 2015 ni wọ́n tó gbé wàláà mìíràn kọ́ sí Kershaw's, orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì wà níbẹ̀. Ní ọdún 2018, nígbà tí Louise Brown pé ọmọ ogójì ọdún, tí àwọn ọmọ tí a bí lọ́nà yìí sì ti ju mílíọ̀nù 8 lọ ní gbogbo ayé, ó lọ sí Grantchester, ó sì ṣí òkúta ìrántí tuntun kan níbi tí Purdy sùn sí. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n gbé àwọn lẹ́tà Edwards jáde fún gbogbo ènìyàn láti kà.