Ìtàn Ìgbésí Ayé Captain J. P. L. Davies, Atukọ̀ Ogun Tó Di Àgbẹ̀ Kòkó

Ní Ayétòrò níbí, ta ni yóò kọ́ wa ní omi? A mọ ọkọ̀, a mọ àwọ̀n, a sì mọ ìjì. Èyí tí a kò mọ̀ tó bẹ́ẹ̀ ni oko kòkó, nítorí omi oníyọ̀ tiwa kò gbà á. Ṣùgbọ́n ẹni tí oko rẹ̀ fi kòkó tàn dé ilẹ̀ Yorùbá, èèyàn omi ni òun náà. Ìdí rèé tí a fi mú ìtàn rẹ̀ sínú ìwé ọdún wa yìí.

James Pinson Labulo Davies ni orúkọ rẹ̀. Abúlé Bathurst ní Sàró ni wọ́n ti bí i ní 1828. Ọmọ Abẹ́òkúta ni bàbá rẹ̀, Ògbómọ̀ṣọ́ sì ni ìyá rẹ̀ ti wá. Wọ́n ti kó àwọn méjèèjì lẹ́rú kí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó gbà wọ́n sílẹ̀. Ó lọ sí Grammar School ti CMS ní Freetown, ó ṣe olùkọ́ díẹ̀, nígbà tó sì di 1849 ó wọ iṣẹ́ ológun ojú omi nínú ọkọ̀ Volcano lábẹ́ ọ̀gá tí ń jẹ́ Robert Coote. Ẹ wò ó ná: ẹgbẹ́ ọkọ̀ ogun tó gba bàbá àti ìyá sílẹ̀ ni ọmọ wá ń bá ṣiṣẹ́. Ibẹ̀ ló ti kọ́ bí a ti ń darí ọkọ̀ lójú agbami.

Ní ìparí 1851, ó wà nínú ọkọ̀ Bloodhound nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn sí Èkó, tí wọ́n lé Ọba Kòsọ́kọ́ lọ, tí wọ́n sì dá Akítóyè padà sórí oyè. Ọ̀rọ̀ yìí le díẹ̀. Wọ́n ní nítorí òwò ẹrú ni, ṣùgbọ́n kò pé ọdún mẹ́wàá tí wọ́n fi gba Èkó fúnra rẹ̀. Ọmọ Yorùbá wà nínú ọkọ̀ tó ń yìnbọn sí ìlú Yorùbá. A kò ní tìtorí pé a fẹ́ yìn ín ká wá fi ìyẹn pamọ́.

Ó fi iṣẹ́ ogun sílẹ̀ ní 1852, ó ń wa ọkọ̀ òwò, ó sì fìdí kalẹ̀ sí Èkó ní 1856. Owó dé. Nígbà tí Babington Macaulay fẹ́ dá CMS Grammar School sílẹ̀ ní 1859, Davies ló fún un ní £50 láti fi ra ìwé àti ohun èlò. Ní 1862, ní ìlú Brighton, ó gbé Sarah Forbes Bonetta níyàwó, ọmọ Òkè-Ọdàn tí ogun Dahomey kó ní kékeré, tí Ọbabìnrin Victoria sì wá ń ṣe ìtọ́jú rẹ̀.

Àfi bí òwò ṣe dojú dé. Láàárín 1870 sí 1880, gbèsè wọ̀ ọ́ lọ́rùn sí àwọn oníṣòwò Manchester, ọ̀rọ̀ dé kóòtù, ó sì di ẹni tí kò lè san gbèsè. Ẹni tí gbogbo Èkó ń wárí fún! Ẹlòmíràn ì bá jókòó sílé kó máa ka oṣù. Ní 1879 àti 1880, Davies gba irúgbìn kòkó lọ́wọ́ ọkọ̀ tó ti Brazil wá àti láti erékùṣù Fernando Po, tí à ń pè ní Bioko lónìí, ó sì gba oko Ìjọ́n lọ, lọ́nà Agége. Ó ti lé ní ẹni àádọ́ta ọdún nígbà náà. Àwọn kan ní wọ́n ti gbin kòkó ní Bonny ṣáájú rẹ̀. A kò bá wọn jiyàn, ṣùgbọ́n ti Ìjọ́n ló tàn dé ọ̀dọ̀ wa.

Iṣẹ́ kòkó kì í ṣe ti oníwàdùwàdù, jàre. Irúgbìn rẹ̀ kì í pẹ́ kú bó bá gbẹ. Igi kékeré ń fẹ́ ibòòji, nítorí náà ni wọ́n ṣe ń gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ tì í. Ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún lè kọjá kó tó so dáadáa, bí a bá sì ká a tán, a ó fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó fún bí ọjọ́ márùn-ún sí mẹ́fà kí a tó sá a sóòrùn.

Ọdún 1880 yẹn náà ni ikọ́ ẹ̀gbẹ pa Sarah ní erékùṣù Madeira. Davies gbé òpó òkúta tó ga ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ lọ dúró ní Ìjọ́n ní ìrántí rẹ̀, láàárín kòkó.

Ohun tó wú wa lórí jù ni pé kò fi ìmọ̀ náà pamọ́ fún ará àdúgbò. Jacob Kehinde Coker, tí oko tirẹ̀ wà ní Ìfàkọ̀, tó sì jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn tó dá African Church sílẹ̀ ní 1901, ọ̀dọ̀ Davies ló ti rí ọgbọ́n kòkó kọ́. Àwọn alágbàṣe wá sí oko Agége láti ìlú òkè, wọ́n kọ́ṣẹ́, wọ́n sì di irúgbìn lọ sílé. Báyìí ni kòkó ṣe ń rìn títí tó fi kún ilẹ̀ Oǹdó, tí ìpínlẹ̀ tiwa sì di ìpínlẹ̀ kòkó.

Davies kú ní 29 April 1906, lẹ́ni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́rin. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, àwọn àgbẹ̀ Agége dá ẹgbẹ́ wọn sílẹ̀, Coker sì ni olórí wọn.